Ìjàpá àti Òfin Ohùn Kan

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mi ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi rọra jáde nílé, ó gba inú igbó lọ, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń gbèrò ibi. Ó tún wọ́ Awó mọ́ ọn, ẹyẹ tí ara rẹ̀ rí tótòtó yẹn, àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣùbúọlá, bí o bá fẹ́ sùn, wọlé lọ. Orin wà nínú àlọ́ yìí, mi ò sì ní dá gbè é fúnra mi. Bí mo bá ti lé e, "Kànkàn-kẹ́rẹ́" ni kí ẹ máa wí. Ẹ wí i kí n gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, Erin ni ọba gbogbo ẹranko àti ẹyẹ. Ọba tó ní sùúrù ni, àmọ́ kò fẹ́ràn ìjà rárá. Bí ẹni méjì bá gbóhùn sókè síra wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orí á máa fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ohùn gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Bí ọdún bá ti dé, wọn á máa jà lórí ẹni tí yóò lé orin níwájú ọba. Ẹ̀gà á ní òun ni. Àdàbà á ní ariwo lásán ni ti Ẹ̀gà. Àkùkọ á ní bí kò bá sí òun, ta ni ì bá mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn á jà títí, ìyẹ́ wọn á kún àgbàlá ọba.

Ìjàpá kì í bá wọn dá sí i. Kí ló fẹ́ fi dá sí i? Gbogbo ohùn tó ní kò ju "hùn" lọ. Bó bá ti la ẹnu báyìí, "hùn", àwọn ọmọ Ọ̀bọ á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi já bọ́ lórí igi. Ó ń dùn ún. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ń dùn ún gan-an, ta ni wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ tí inú rẹ̀ á dùn? Àmọ́ kò wá ohun tí yóò ṣe sí ohùn tirẹ̀. Ohùn àwọn yòókù ló lọ dojú kọ.

Ó lọ bá ọba, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní Kábíyèsí, òun ti mọ ohun tó ń fa ìjà. Ó ní ohùn tí wọ́n pín fún wọn kò dọ́gba, ìyẹn ló ń bí ìlara. Ọba ní kí wá ni ṣíṣe. Ìjàpá ní kí gbogbo wọn máa lo ohùn kan náà, kí ẹnikẹ́ni má dùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọba bi í pé ohùn ta ni.

"Ti ẹni tó kéré jù ni, Kábíyèsí, kó má baà ni ẹnikẹ́ni lára."

Ẹ ò rí i bó ṣe dùn-ún gbọ́? Ọba rò ó wò, ó ní ó dára. Òun alára gbà pé òun ò ní fi ọwọ́jà òun fọn mọ́. Ni wọ́n bá kéde. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin, hùn. Ẹni tó bá fẹ́ ké, hùn. Ẹni tó bá fẹ́ pe ará ilé rẹ̀, hùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹni tó bá ké igbe tirẹ̀, wọn á lé e kọjá odò, kò sì gbọdọ̀ padà wá mọ́.

Ìjà tán lóòótọ́. Ọba sùn dáadáa. Nígbà tí ọdún dé, Ìjàpá ló lé orin, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Àkùkọ ń ṣe hùn láàárọ̀, kò sẹ́ni tó jí, oòrùn á ti gun kí wọ́n tó dé oko. Àdàbà kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ bà sí mọ́. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni.

Ìjàpá tún wá rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, á lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé Ìgalà, á ṣe hùn. Ìyàwó Ìgalà á rò pé ọkọ òun ti dé, á ti oúnjẹ jáde, Ìjàpá á gbé e lọ. Lọ́la, ilé Òkété ni. Oníwọra!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kan ilé Awó. Ẹ̀yin yìí, ẹ rántí pé ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún Awó. Ejò ti mu gbogbo ẹyin yòókù. Lẹ́yìn òfin yìí ni ọmọ náà sì jáde nínú ẹyin, kò gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ rí. Awó ti lọ sí odò. Ìjàpá dé, ó ṣe hùn. Ọmọ jáde, ó rò pé ìyá òun ni. Ìjàpá kò tilẹ̀ wò ó. Ó jẹ àsáró tó wà nílẹ̀, ó nu ẹnu, ó gba inú koríko lọ. Ó ń lọ, ó ń ṣe hùn pẹ̀lú ayọ̀. Ọmọ ń tẹ̀ lé hùn.

Ibi tí Ìjàpá ti ń yan lọ, ó kó sínú kòtò kan tí ọdẹ gbẹ́ tì. Ó ké hùn kí wọ́n wá yọ òun. Ọmọ Awó gbọ́, ó sáré tọ ohùn náà wá, òun náà já sínú kòtò. Òjò sì bẹ̀rẹ̀.

Ìjàpá ń ké hùn, hùn, hùn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń gbọ́, wọ́n ń kọjá lọ. Ta ló ń yà wò hùn? Omi ń ga sí i nínú kòtò. Ìjàpá wá rántí pé ohùn ọmọ ẹyẹ máa ń dé ọ̀nà jíjìn. Ó ní:

"Ọmọ mi, ké."

"Hùn."

"Kì í ṣe hùn. Igbe ìyá rẹ ni kí o ké."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, bàbá. Mi ò gbọ́ ọ rí."

 Omi ti dé àyà ọmọ náà.

Awó ti délé, kò bá ọmọ. Ó sáré tọ hùn kan lọ, ó bá Òkété. Ó sáré tọ òmíràn lọ, ó bá Ìgalà. Ó kọjá lẹ́bàá kòtò yẹn gan-an, ó gbọ́ hùn níbẹ̀, kò dúró, hùn ti sú u. Ó wá gun orí òkìtì ọ̀gán kan. Ó wo ọ̀kánkán odò tí wọn á lé òun kọjá. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ilé tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀ ṣe. Ó la ẹnu:

Mo pè ọ́ ní hùn, o ò gbọ́
*Kànkàn-kẹ́rẹ́*
Gbogbo igbó ń ṣe hùn
*Kànkàn-kẹ́rẹ́*
Ohùn mi rèé tí mo gbé pa mọ́
*Kànkàn-kẹ́rẹ́*
Ọmọ Awó, dá mi lóhùn o
*Kànkàn-kẹ́rẹ́*
Bó o bá wà láyé, dá mi lóhùn
*Kànkàn-kẹ́rẹ́*

Inú kòtò ni ọmọ wà tó gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọ̀fun rẹ̀ kàn ṣí ni: "Kẹ́rẹ́! Kẹ́rẹ́!"

Awó fò dé ẹnu kòtò. Àwọn ẹranko pé jọ. Erin náà dé tìbínútìbínú, ó bèèrè ẹni tó rú òfin òun.

"Èmi ni, Kábíyèsí," Awó wí. "Ẹ lé mi lọ. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ọmọ mi."

Erin wo inú kòtò, ó rí orí ọmọ náà lójú omi.  Ó na ọwọ́jà rẹ̀ wọlé, ó gbé e jáde, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́jà sókè, ó fọn ọ́n. Inú igbó mì tìtì. Àkùkọ kọ. Àdàbà ké, ọkọ rẹ̀ fò wá bá a. Ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ariwo náà lọ sílé.

Hùn, ni wọ́n gbọ́ nísàlẹ̀. Ìgalà rò pé Òkété ni. Òkété rò pé Ìgalà ni. Ẹrẹ̀ ti bo Ìjàpá, ó dà bí òkúta, òjò sì ti bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Omi kún kòtò, omi ló gbé Ìjàpá dé ẹnu kòtò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ́ dé ilé. Yánníbo bi í pé kí ló dé tí kò pe òun. Ìjàpá ní òun pè é títí.

"Mo gbọ́ hùn," ni Yánníbo wí. "Mo rò pé ẹlòmíràn ni."

Ìjàpá la ẹnu láti fèsì, ó tún pa á dé. Láti ọjọ́ náà, ta ni nínú yín ló gbọ́ ohùn Ìjàpá rí? Awó ní tirẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn díẹ̀ báyìí, ẹ ó gbọ́ igbe.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí n pe ará ilé mi, kí wọ́n má mọ̀ pé èmi ni.