Ẹ̀pà Tí Òkété Kò Gbé Lọ Sílé

"Ó tó! Ó tó báyìí! Ẹni tó ní àgbàdo sísun ló dùn, kó jẹ sísun. Ẹni tó ní sísè ni, kó jẹ sísè. Ẹ sáà jẹ́ kí etí mi sinmi. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àgbàdo ti kún ẹnu yín, n kò gbọ́ dáadáa. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ré kọjá ìdí ewúro, ó di inú ọgbà Ìyá Ìgalà.

Ọgbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ! Bí òjò bá ti ń dínkù, tí oòrùn ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ wo ibẹ̀. Tòmáàtì pọ́n. Ilá yọ ìka. Eléégédé fà kọjá ọgbà, ó tún fẹ́ wọlé aládùúgbò. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Ìgalà á máa pa ẹ̀pà, Ìyá Ìgalà á máa sun àgbàdo, àwọn ọmọ á máa jà sí àgbọn tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Ààfin wà tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo oko ìlú náà, ẹni tí ebi bá ń pa lè wọlé, kó jẹ àjẹyó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lọ sílé.

Òkété ńkọ́? Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko, ẹ̀yìn ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, orúnkún ni. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ni ara rẹ̀ yá. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ pé oko àwọn dára ju ti gbogbo ìlú lọ!

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Látúndé, oko tí ẹ ń ròyìn láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ yìí, ẹ mú ẹ̀pà ibẹ̀ wá ká rí i. Bí oòrùn bá ń wọ̀ lónìí tí n kò rí yín, èmi àtàwọn ọmọ á gba ilé ìyá mi lọ. Mi ò sì mọ ọjọ́ tí a máa padà."

Òkété fẹ́ràn Àwẹ̀ró. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ́ nìkan ni kò fẹ́ràn.

Ló bá gba ọgbà Ìyá Ìgalà lọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ìgalà. Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà."

"Òkété, káàbọ̀. Jókòó, jẹun. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

Ó jẹ ẹ̀pà, ó yó. Ó wá ń rò ó: bí mo bá fọwọ́ gbé e, wọ́n á rí i, bí mo bá fi àpò gbé e, wọ́n á rí i. Ẹnu ńkọ́? Ó ki ẹ̀pà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó kì í bọ ti òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú, ó ń kì í. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọgbọ́n náà dára. Èmi ò lè ronú kàn án láé.

Ó dìde, ó juwọ́ sí wọn.

Ìyá Ìgalà ní, "Níbo lò ń lọ? O gbàgbé ìṣe wa ni? Ẹni tó bá jẹun níbí, á bá wa kọrin kó tó lọ."

Ẹ bá wọn gbè é o:

*Ta ló jẹun nínú ọgbà?*
Ọgbà dùn o, ọgbà dùn.
*Àgbàdo hu irùngbọ̀n,*
Ọgbà dùn o, ọgbà dùn.
*Ẹ̀pà sá pamọ́ sílẹ̀,*
Ọgbà dùn o, ọgbà dùn.
*Òkété, gbè é ká gbọ́!*

"Ùn-ùn-ùn," ni Òkété wí.

Gbogbo ohun tó hù nínú ọgbà yẹn ni Ìyá Ìgalà dárúkọ. Ọgbà ọ̀hún sì tóbi. "Ùn-ùn-ùn. Ùn-ùn-ùn." Òógùn bo Òkété.

Bàbá Ìgalà tẹjú mọ́ ọn. "Òkété, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yìí, ṣé o ò gbé eléégédé wa mì?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Òkété. Ó fún ẹnu pọ̀. Ẹ̀rín tún ń bọ̀ láti ikùn. Púú! Ẹ̀pà fọ́n ká, ó bọ́ sórí fìlà Bàbá Ìgalà.

"Olè!" ni àwọn ọmọ ké.

"Ẹ fara balẹ̀," Òkété dáhùn. "Wọ́n ní kí n má gbé e lọ sílé. Ṣé mo ti délé ni? Ẹni tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣebí ó ṣì ń jẹun lọ́wọ́ ni?"

Bàbá Ìgalà họrí. "Ó mọ̀ ọ́n rò ṣá!"

Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété kò padà sípò mọ́. Ó fẹ̀, ó rọ̀ bí àpò. Títí dòní, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Òkété ń kó ẹ̀pà sí.

Kò tíì tán o. Oòrùn ti ń wọ̀. Àwẹ̀ró ti di ẹrù, ó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀, ẹ̀bá ọgbà sì ni ọ̀nà gbà. Ó gbọ́ ariwo, ó yà, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀pà nílẹ̀.

"Bàbá Látúndé, ṣé oko wa tí ẹ ń wí nìyí?"

Òkété wolẹ̀. "Mo... mo fẹ́ mú un wá fún yín ni, kí ebi má pa yín."

Ìyá Ìgalà ti ń na àgbàdo gbígbóná sí àwọn ọmọ Òkété. Ó ní, "Àwẹ̀ró, sọ ẹrù kalẹ̀, jẹun. Òkété, ọgbà wa kò ní ìlẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó bá dé la ní kó jẹ. Kí ló dé tí o ò kó wọn wá?"

Àwẹ̀ró sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Àgbàdo ni gbogbo wọn jọ ń jẹ.