Ẹbọ Tí Mosúnmọ́lá Rú Kí Fọláhàn Tó Fọhùn

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dun Mosúnmọ́lá. Fọláhàn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti kúrò lẹ́yìn, eyín rẹ̀ pé lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pè é, kì í jẹ́. Bí ebi bá ń pa á, á fa ìró ìyá rẹ̀, á nawọ́ sí ìkòkò. Àwọn tí wọ́n jọ bí lọ́dún kan náà ti ń bú ara wọn ní ìta. Odi ni àwọn aládùúgbò ń pè é lẹ́yìn, etí ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ.

Ìkirè ni obìnrin yìí ń gbé, dòdò ló ń dín lẹ́bàá títì. Ẹ ṣáà mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n títí tó fi rọ̀, tí a gún mọ́ ata, tí a dín títí tó fi dúdú. Epo gbígbóná kì í bá ọmọdé ṣeré. Nítorí èyí ni Mosúnmọ́lá ṣe ń gbé Fọláhàn jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, tó ń ki fóònù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọládòkun ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló ra fóònù náà ránṣẹ́, ó ní kí ọmọ òun lè gbọ́n bí ọmọ òyìnbó. Inú fóònù yẹn náà ni bàbá fúnra rẹ̀ ti ń yọjú sí ọmọ, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ọmọ sì dákẹ́ lóòótọ́. Áà, ó dákẹ́ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ!

Wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Dókítà ní etí rẹ̀ dá ṣáṣá, ahọ́n rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Ni Mosúnmọ́lá bá mú un, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúntóyìn, àgbà olórìṣà kan ní Àpòmù. Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì fọhùn:

Ẹnu là ń wò kọ́ ọ̀rọ̀,
Ẹsẹ̀ là ń tọ̀ kọ́ ìrìn,
Ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ ọ́, kí ni yóò fọ̀?
A dá a fún abiyamọ tí ń sunkún ohùn ọmọ.

“Ta ní ń bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ lójúmọ́?”

“Fóònù ni, ìyá mi.” Bó ti sọ ọ́ tán ni ojú tì í.

“Bí ọmọ bá fọhùn, ṣé fóònù ń dá a lóhùn?”

Mosúnmọ́lá mi orí.

Ìyá ní, “Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹbọ ni kí o rú. Ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun, se ẹ̀wà, fi ẹyin sí i, kí o fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọ àdúgbò, kí ọmọ rẹ bá wọn jẹ nínú abọ́ kan náà. Èyí tó nira ni mo fi kẹ́yìn: ọjà ìrọ̀lẹ́ rẹ wà lára ẹbọ. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, sọ epo kalẹ̀, jókòó ti ọmọ rẹ, kí o máa bá a sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ dáhùn.”

“Ìyá mi, ìrọ̀lẹ́ gan-an lọjà mi ń tà.”

“Mo mọ̀. Bí kò bá dùn ọ́, ẹbọ kọ́ nìyẹn.”

“Ṣé kí n fọ́ fóònù ọ̀hún ni?”

“Ta ló ní kí o fọ́ ọ? Ṣé o sọ ọbẹ nù nígbà tí o bímọ ni? Àgbà ni kó máa mú u. Bí ọmọ bá fẹ́ wò ó, kó jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀, kí ẹ jọ wò ó fúngbà díẹ̀, kí o máa sọ ohun tí ẹ ń rí fún un, kí o sì gbà á padà.”

Ọládòkun gbọ́ ọ lórí fóònù, ó bínú. “Owó ẹyọ! Kí lowó ẹyọ mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì? Níbo ni n ó ti máa rí ọmọ mi?”

“Ẹ máa bọ̀ wálé, bàbá Fọláhàn.”

Ó ní òun kò ní í wá, àfi bí orí ìyàwó òun bá pé. Ó sì dúró sí Èkó lóòótọ́, kò pè wọ́n lórí fóònù mọ́, ó ń fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́.

Ẹbọ yìí kò rọrùn o. Fọláhàn sunkún, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń forí gbálẹ̀ nítorí fóònù. Mọ́tò ń kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ra dòdò lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mosúnmọ́lá ń wò wọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ tí kò wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ sàárà àkọ́kọ́, Fọláhàn kẹ̀yìn sí abọ́. Àwọn ọmọdé kò bẹ̀ ẹ́, wọ́n jẹ ìpín rẹ̀ mọ́ tiwọn. Nígbà tó tún ṣe, ó kọjú sí wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, ó ti ọwọ́ bọ abọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìdòwú, ọmọ tí kì í jáfara nídìí oúnjẹ, na ọwọ́ sí ẹyin tó wà níwájú Fọláhàn. Fọláhàn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Tèmi ni! Tèmi ni!”

Ìyá rẹ̀ ju ìpọnbẹ̀ nù, ó gbé e, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Tìẹ ni, ọkọ mi! O kú ẹnu, tìẹ ni!” Ìdòwú náà ń sunkún, àmọ́ ti ẹyin ni tiẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti ṣí. Ohun tí àwọn ọmọdé bá sọ ni Fọláhàn ń sọ: orin wọn, èébú wọn, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Àwọn oníbàárà Mosúnmọ́lá sì mọ̀ pé òwúrọ̀ ni dòdò rẹ̀ ń jáde, wọ́n ń tètè wá.

Ìròyìn dé Èkó. Ọládòkun kò lè sùn mọ́, ó wọ mọ́tò wálé láti lọ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Bó ti gbé báàgì wọ ẹnu ọ̀nà ni Fọláhàn sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó wo ọkùnrin gàgàrà náà láti òkè délẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o, sà. Ta lẹ ń wá?”

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ọládòkun. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

“Ìwọ ni. Ìwọ ni mo ń wá.”

Mosúnmọ́lá gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú u, ohùn ọmọ kún ilé rẹ̀. Ọládòkun pe ẹbọ lẹ́tàn. Lọ́jọ́ náà, ó fi àbámọ̀ jókòó lórí ẹní, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ náà sì ń pè é tẹ̀ lé e.