Ìdí Tí Alágẹmọ Fi Ń Rìn Ségesège

Nígbà láéláé, kí ọmọ ènìyàn tó fojú kan géèmù rárá, àwọn ẹranko ti ń ṣe é. Inú àpótí ni géèmù ìgbà náà máa ń wà. Àwòrán á wà nínú rẹ̀, okùn á yọ síta. Bí ọmọdé bá fa okùn ọ̀tún, àwòrán á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó bá fa tòsì, á gbé tòsì.

Lásìkò yẹn, ìrìn Alágẹmọ gún régé bíi tìrẹ, bíi tèmi. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní, ojú rẹ̀ méjèèjì sì máa ń wo ibì kan náà.

Àpótí méjì ló wà lábẹ́ igi ọdán ìlú. Ti Ọ̀kín ń dán yinrinyinrin. Ìlẹ̀kẹ̀ ló fi ṣe ìràwọ̀, àwọn àwòrán rẹ̀ kì í sì í kọsẹ̀.

Ti Alágẹmọ ńkọ́? Pákó àlòkù ni. Ewé kókò ló fi ṣe ojú ọ̀run, ìkarahun ìgbín ló fi ṣe òṣùpá. Kò rí nǹkan kan fi ṣe àwòrán, ló bá kó sínú àpótí fúnra rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀, ó so òwú mọ́ ìpéǹpéjú. Òun ni ọdẹ tó ń wá ìyá rẹ̀ nínú igbó, òun náà ni ìyá. Bó bá fẹ́ di iwin, á fi eérú para. Bó bá fẹ́ di igi, á fi omi ewé para. Ìtàn ẹkún ló pe géèmù yìí o! Odindi ìgbà òjò kan ló fi ronú rẹ̀.

Àfi bí àwọn ọmọ ṣe dé tó di ẹ̀rín. Ọmọ Òkété ń fa ọ̀tún, ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fa òsì, ẹsẹ̀ ọdẹ wá há sínú afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ kan ń wo òkè, èkejì ń wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, níbi tí ìyá ti kú tí ó yẹ kí gbogbo ayé sunkún, eérú kó sí Alágẹmọ nímú.

"Hátíṣọ̀ọ́!"

"Yéè! Òkú ń sín!" Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri.

Alágẹmọ fò jáde. "Ẹ̀yin ọmọ àìlójútì wọ̀nyí! Ìyá oníyàá kú, ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ṣé mo fi ẹ̀rín sí i ni?" Ó já gbogbo okùn náà dànù.

Ọ̀kín ò jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ tutù tó fi sáré lọ bá Àjànàkú, olórí ìlú. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká kó pàǹtí Alágẹmọ kúrò lábẹ́ ọdán. Ó ń dójú tì wá."

Abẹ́ ọdán nìkan sì ni òjò kì í ti í ba ewé kókò jẹ́. Bí wọ́n bá lé Alágẹmọ níbẹ̀, géèmù rẹ̀ parí nìyẹn.

"Pàǹtí?" Alágẹmọ ti sáré tẹ̀lé e débẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi lo pè ní pàǹtí, Ọ̀kín? O ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Àjànàkú na ọwọ́jà sókè, ariwo rọlẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ. "Nílùú yìí, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ta lẹ kí nínú àwọn méjèèjì?"

Àwọn ọmọ ń wojú ara wọn. Ọmọ Òkété ló fọhùn. "Kábíyèsí, a ò kí Ọ̀kín rí. A ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Alágẹmọ, à ń rí òógùn wọn. Ojoojúmọ́ là ń kí wọn kú iṣẹ́."

"Irọ́ ni!" ni Ọ̀kín wí. "Ẹ̀rín lẹ fi ń rín in!"

"À ń rín wọn, a sì ń kí wọn. Ṣé ìyẹn burú ni?"

Alágẹmọ rò ó wò. Òótọ́ ni, wọ́n ń kí i. Ìbínú ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Àjànàkú ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àpótí pákó náà. Síbẹ̀, inú Alágẹmọ ò tíì rọ̀. Ó fẹ́ rìn gbọnrangandan lọ sílé, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kì í ṣe aláwàdà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ há sínú afẹ́fẹ́, ó ń mì síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sókùn lára rẹ̀ mọ́. Ojú kan ń wo Ọ̀kín, èkejì ń wo àwọn ọmọ. Eérú àti omi ewé ti wọ̀ ọ́ lára, kò ṣeé fọ̀.

Ẹ̀rín bú. Lẹ́yìn ẹ̀rín, gbogbo ọmọ pariwo pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ó fajú ro, ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ó tún gbé òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni alágẹmọ ti ń rìn ségesège, tí ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà méjì, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, rín in bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kí i kú iṣẹ́. Bó bá gbọ́ ẹ̀rín tí kò gbọ́ ìkíni, wo ara rẹ̀ dáadáa: dúdú ló máa dà.