Ihò Kan tí Alákàn Kò Kà

Nígbà láéláé, nígbà tí iyanrìn ẹnu ihò Alákàn ṣì máa ń tẹ́jú pẹrẹsẹ, òun ni ọ̀gá onímọ̀ ìṣirò ní gbogbo etí odò. Ó kéré tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri.

Òjò ọdún kan wá pọ̀ jù, odò sì ń kún. Bèbè iyanrìn kan ṣoṣo ló wà láàrin omi àti ìtẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, tó sàba lé ẹyin méje.

"Bàbá Alákàn, ẹ jọ̀ọ́," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, "ṣé bèbè yìí á gba omi dúró? Bí mo bá kó ẹyin mi, wọ́n á tutù. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rù omi ń bà mí."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Màá kọ́kọ́ ṣe odò náà sínú igbá."

Alákàn bu iyanrìn sínú igbá, ó mọ bèbè kékeré sí i, ó sì ń fi ìkarawun ìgbín da omi sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń ka hóró iyanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Omi kì í ṣàdédé la ilẹ̀," ó ń ṣàlàyé, ó sì yọ àyà síwájú. "Àárín hóró méjì ló máa ń wọ̀. Á ti ọ̀kan, ìyẹn á ti èkejì rẹ̀, títí bèbè á fi lanu."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi da omi. Bèbè inú igbá kò mì.

"Jókòó ti ẹyin rẹ," ó wí. "Bí omi bá gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n má pè mí ní Alákàn mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Alákàn wà nínú ilé, ó ń yin ara rẹ̀, ni omi tútù bá kàn án nídìí. Ihò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sínú bèbè ni omi ń bá bọ̀! Hóró ń ti hóró, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí gan-an.

"Yéè! Mo ka gbogbo iyanrìn ayé, n kò ka ilé ara mi! Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ta ni mo wá ní kó bá mi ṣọ́ ìdí?"

Ó fi ẹ̀yìn dí ihò náà, ó ń pariwo: "Pẹ́pẹ́yẹ, kó wọn! Kó wọn!"

Ẹyin mẹ́fà ni ìyá náà rí yí dé orí òkè kí bèbè tó lanu. Omi gbé ìkeje lọ.

Ìtìjú bá Alákàn, àánú ìyá náà sì ṣe é gidigidi. Ó ṣu iyanrìn tútù ní róbótó bí ẹyin, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá Alákàn," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí jẹ́jẹ́, "èyí kò lè di ọmọ."

"Mo mọ̀. Àgbà òpè ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà ni, ẹnu ihò mi ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Alákàn ti ń ṣu iyanrìn róbótó-róbótó sẹ́nu ihò rẹ̀ nígbàkígbà tí omi bá fà. Á kà á ní ení, èjì, títí dé ẹ̀fà. Bó bá kan èje, á sá wọlé.