Ẹyẹ Tó Jẹ́ Orúkọ Méjì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ẹyẹ kan létí ọ̀sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ wálẹ̀. Ìbídùn ọmọ mi, má tíì bi mí lórúkọ rẹ̀. Kò tíì ní.

Lọ́dún náà, Ògòǹgò, ọba ẹyẹ, ní ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ ti rí rúdurùdu jù. Ó ní kí wọ́n pín sí agbo-ilé, kí ìbátan dúró ti ìbátan, òun yóò fún ilé kọ̀ọ̀kan níbi tí wọn yóò ti máa jẹun. Olórí ilé yóò jáde, yóò ní, "Ọmọ wa ni," yóò sì dárúkọ ọmọ náà. Ẹyẹ tí kò bá nílé yóò kúrò nílùú.

Lékeléke gba pápá màlúù, tata kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àparò gba oko ọkà bàbà. Ẹrọ̀fọ̀ etí ọ̀sà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń sáré tẹ̀lé omi wìrìwìrì. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ará ilé ẹyẹ wa, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yínmú sí wọn. Ta ni yóò jẹ ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí tata wà?

Ó lọ bá Lékeléke, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-gbọọrọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ tú ìyẹ́ rẹ̀ ká níwájú Àparò. Àwọn náà gbà á, wọ́n sọ ọ́ ní Aláwọ̀-erùpẹ̀. Láàárọ̀, tata; nírọ̀lẹ́, bàbà. Ikùn rẹ̀ yọ rogodo. Orin ló ń kọ láti ilé kan dé ìkejì, ẹ máa bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ mi gùn, mo bá Lékeléke tan,
*Kúúlíì, kúúlíì!*
Ìyẹ́ mi pọ́n, mo bá Àparò tan,
*Kúúlíì, kúúlíì!*
Èmi ò mọ ará ẹrọ̀fọ̀ rí,
*Kúúlíì, kúúlíì!*

Nígbà tó yá, Ògòǹgò ní kí oníkálukú dúró nílé rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ orúkọ wọn. Ó pe Ẹlẹ́sẹ̀-gbọọrọ. Kúúlíì ló dáhùn nílé Lékeléke. Ẹyẹ wa fò fìrì, ó gbẹ̀yìn igbó já sílé Àparò. Wọ́n pe Aláwọ̀-erùpẹ̀. Kúúlíì. Ògòǹgò na ọrùn sókè. Ohùn kan náà kọ́ yìí? Ó wá pe orúkọ méjèèjì pọ̀ wàrà. Ẹyẹ náà sá lọ, ó sá bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò mọ èyí tí yóò jẹ́ mọ́.

Lékeléke bínú, ó ní ta ló rí Lékeléke tó pọ́n bí erùpẹ̀ rí. Àparò ní ta ló rí Àparò tó ga tó báyìí. Wọ́n lé e sáàárín agbo. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á gidigidi, torí kò mọ ìlú mìíràn.

Ògòǹgò bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ni ìyá àgbà àwọn ẹyẹ kéékèèké etí ọ̀sà bá sáré jáde. Kò ga tó orúnkún ẹni tó fẹ́ gbà sílẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, ó yínmú sí wa lóòótọ́. Ọmọ wa náà ni. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni irú ẹnu yìí ti ń jẹun. Ẹlẹ́nu-oṣù lorúkọ rẹ̀."

Ògòǹgò gbà, ó fi í sílé wọn. Ẹlẹ́nu-oṣù fẹ́ dúpẹ́, ìtìjú kò jẹ́ kó lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe sẹ́ ará ilé yín nítorí oúnjẹ. Ibi tí àlọ́ mi ti ká apá rẹ̀ pọ̀ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí n kò bá purọ́, ẹ bá mi ké e lẹ́ẹ̀kan sí i.

*Kúúlíì!*