Àwẹ̀ró àti Ọmọ tí Ẹnu Rẹ̀ Ń Rùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó rìn títí, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá kan tó pọn ọmọ. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí kò bá gbè, kó má retí ìparí.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọdún mẹ́wàá ló fi wá ọmọ kó tó bí Bándélé. Ọmọ náà ti ń rákò nígbà tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó rùn láàárọ̀, ó rùn lọ́sàn-án, ó rùn lálẹ́. Gbogbo ilé ń di imú. Ìyá rẹ̀ pàápàá, kí n má purọ́, a máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń fún un lọ́mú.

Baálé ilé ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Ọmọ tí kò tíì jẹ ẹran, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn báyìí, kì í ṣe ọmọ rere. Bí òórùn yìí kò bá lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, a ó gbé e lọ sínú igbó."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan ni mo ní."

Baálé ní, "Ọjọ́ mẹ́ta."

Lọ́jọ́ kìíní, ó lọ bá Oyin. Oyin ní, "Fi adùn mi pa á lẹ́nu." Eèrà ló dé, òórùn kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ehoro tó mọ ewé. Ehoro ní, "Gún ewé efinrin sí i lẹ́nu." Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ há, òórùn kò lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin méjì gbé agbọ̀n dé. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó gbé ọmọ sá lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ẹ̀yin ará ilé mi o,
*Ẹ má gbé e lọ.*
Ọdún mẹ́wàá ni mo fi wá a,
*Ẹ má gbé e lọ.*
Ẹnu ló rùn, kò pànìyàn,
*Ẹ má gbé e lọ.*

Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ó ń lá imú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta ló ti yẹ ọmọ yìí wò?"

"Gbogbo ilé ló ti gbóòórùn rẹ̀."

"N kò bi ọ́ léèrè ẹni tó gbóòórùn. Ìwọ ìyá rẹ̀, ìgbà wo lo fi ẹnu fa ikun rẹ̀ kẹ́yìn?"

Ìyá ló ń fi ẹnu fa ikun ọmọ, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òórùn ti dé ni Àwẹ̀ró ti jáwọ́. Ojú tì í gan-an.

Ó fa ihò imú òsì, ikun wá. Ó fa tọ̀tún, kò sí ohun tó wá. Ibẹ̀ gan-an ni òórùn náà ti ń jáde.

Àwọn ọkùnrin náà ti dúró lé e lórí. "Ìyá Bándélé, àkókò tó."

Àwẹ̀ró fi ìka dí ihò òsì. Ó gbé ẹnu lé ẹnu tí gbogbo ilé ń sá fún, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ húkọ́. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, hóró ẹ̀wà kan fò jáde nínú imú, ó bọ́ sínú agbọ̀n. Ó ti wú, ó ti rà, ó ti ń hu: níbi tí ọmọ ti ń rákò ló ti kì í bọ imú.

Wọ́n gbé agbọ̀n náà lọ bá Baálé. Ó bojú wo inú rẹ̀, ó rí hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ pa ọmọ."

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé bí ẹnu ọmọ bá ń rùn, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó di imú, tó yíjú kúrò, kò lè rí ohun tó ń ṣe ọmọ.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ẹ wo imú wọn kí ẹ tó dìde.