Ọdẹ́níran, Ẹni tó Dúró nínú Omi Orí-Ọta

Ní ọdún tí ọ̀gágun Gbógungbórò dáná sun abúlé Ìdóṣù àti Ìkọ̀yàn, èéfín ni àwọn ará Ìmọ̀rì fi ń mọ bí ikú ṣe jìnnà sí wọn tó. Wọ́n á jí ní òwúrọ̀, wọ́n á gun orí odi, wọ́n á wo ìlà-oòrùn; bí èéfín bá ti sún mọ́ wọn sí i, wọ́n á mọ̀ pé abúlé mìíràn ti tú. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le. Odò Ayínrìn tó ti ń dáàbò bò wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti fà débi pé níbi púpọ̀, kò mu ènìyàn kọjá àyà mọ́. Ìbọn tó wà ní gbogbo ìlú kò pé ọgọ́rin, ọmọ ogun Gbógungbórò sì ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ọ̀gágun náà kì í gba ìṣákọ́lẹ̀, kì í gba ẹ̀bẹ̀. Arúgbó ni yóò pa, ọ̀dọ́ ni yóò dì lókùn lọ sí ọjà ẹrú ní etí òkun.

Ẹnì kan ṣoṣo ní Ìmọ̀rì ló mọ bí Gbógungbórò ṣe ń jagun, inú àbà ni ẹni náà sì wà: igi ńlá tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ ènìyàn bọ̀, tí wọ́n sì kàn án pa. Ọdẹ́níran ni, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ògbójú ọdẹ tí í dojú kọ ẹfọ̀n lọ́sàn-án gangan, akọni tí kì í fi ẹ̀yìn han ẹran. Àwọn ọmọ ogun Gbógungbórò ti kó o lẹ́rú nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì ru ẹ̀tù ìbọn fún wọn fún ọdún mẹ́rin kó tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìlú kan ní ìsàlẹ̀ odò ló sá dé, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ló sì gbà á sílé. Wọ́n kọ́ ọ pé bàbá kò lè gba Ọlọ́run gbọ́ fún ọmọ, pé wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá dàgbà tó mọ ohun tó ń ṣe ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nígbà náà ni wọn yóò rì í bọ omi pátápátá, bí ẹni sin òkú, wọn yóò sì gbé e dìde bí ẹni tó jíǹde. Nígbà tó padà sílé, ènìyàn mọ́kànlá gba ọ̀rọ̀ náà, oníwàásù kan tó ń kọjá lọ sì ṣe ìrìbọmi fún wọn ní Orí-Ọta, níbi tí Ayínrìn ti gba àárín àpáta.

Ọba Adégòróyè kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó ní ẹni tí kò bi òun léèrè kó tó yan Ọlọ́run tí yóò sìn, ṣé yóò gbọ́ bí òun bá ní kó lọ sójú ogun? Ó pàṣẹ kí wọ́n na àwọn méjèèjìlá ní ogójì pàṣán, kí wọ́n sì kàn wọ́n mọ́ àbà títí wọn yóò fi sẹ́ ohun tí wọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó sẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Efúnyẹmí, arúgbó tó ń po ọṣẹ dúdú, kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igi. Ọdẹ́níran ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ìgbà tí èémí rẹ̀ dá.

Nígbà tí èéfín wá yọ ní abúlé tó kẹ́yìn kí ènìyàn tó kan odò, Ọba fúnra rẹ̀ wá sí ìdí àbà. Ó bèèrè ibi tí Gbógungbórò yóò gbà wọ̀lú. Ọdẹ́níran ní ọ̀gágun náà yóò ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ pariwo ní ìwọ́dò ńlá, ṣùgbọ́n òun àti àwọn akọni rẹ̀ yóò yọ́ gba Orí-Ọta.

Ọba ní, "Mo nà ọ́. Ìyá àgbàlagbà kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kí ni yóò mú mi gbà pé o kò fẹ́ ta ìlú fún ọ̀tá?"

Ọdẹ́níran dáhùn pé, "Kábíyèsí, àwọn ọmọ-ọmọ Efúnyẹmí mẹ́rin wà nínú ìlú yìí. Bí ẹ bá tú mi sílẹ̀, ojú wọn ni màá máa wò. N kò ní wo tiyín."

Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Ọdẹ́níran, àwọn mẹ́wàá tó kù, àti àádọ́ta ọdẹ ti ba sẹ́yìn àpáta ní Orí-Ọta. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti inú àbà jáde wú débi pé wọn kò lè sáré. Ibi tí wọ́n jókòó sí náà ni wọn yóò ti jà, ibẹ̀ ni wọn yóò kú sí bó bá di ọ̀ràn ikú. Ariwo sọ ní ìwọ́dò ńlá lóòótọ́. Kò pẹ́, àwọn akọni Gbógungbórò bọ́ sínú omi ní Orí-Ọta láìsọ̀rọ̀, ìbọn wọn lókè orí. Ọdẹ́níran jẹ́ kí wọ́n dé àárín odò kó tó yìnbọn. Ìlà àkọ́kọ́ ṣubú lé ara wọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì dà wó. Àwọn tó wà lẹ́yìn tẹ òkú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀tù tán, àdá ló kù. Wọ́n la ikùn Ajíbóyè alágbẹ̀dẹ. Ó fi ọwọ́ kan di ìfun rẹ̀ mú, ó fi èkejì ṣá ọkùnrin méjì balẹ̀ kó tó wó. Ojúọlápé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ti inú àbà wá, fi òkúta fọ́ orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ rẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi pọ́n, ó ki, apá àti ìka sì ń bá a ṣàn lọ.

Gbógungbórò dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́níran láàárín ìjà yìí. Àdá rẹ̀ gé ìka mẹ́ta kúrò ní ọwọ́ òsì ọdẹ náà, ṣùgbọ́n Ọdẹ́níran rọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú ibú. Ó gun ọ̀gágun náà lẹ́yìn, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó di ọrùn rẹ̀ mú sábẹ́ omi. Omi hó, ó hó, ó sì dákẹ́. Ọdẹ́níran gbé òkú náà sókè kí gbogbo ogun lè rí i. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n tú ká. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ìmọ̀rì. Nínú àwọn mẹ́wàá tó bá Ọdẹ́níran ti inú àbà jáde, mẹ́fà ló kù láàyè.

Ayọ̀ gba ọkàn Ọba. Ó ní Ọlọ́run àwọn onítẹ̀bọmi ló ja ogun náà, nítorí náà kí gbogbo ìlú ṣe ìrìbọmi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ti àwọn tí wọ́n mú lójú ogun, ó ní ẹni tó bá gbà kí wọ́n ri òun bọ omi yóò yè, ẹni tó bá kọ̀, kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Àwọn tẹ̀tú fa ẹni àkọ́kọ́ wọ inú omi tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì ṣàn kúrò nínú rẹ̀. Ó kọ̀, idà sì ti wà lókè nígbà tí Ọdẹ́níran wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú odò, tó sì dúró sáàárín idà àti ọrùn ọkùnrin náà.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ nà wá nítorí pé a wọ inú omi yìí. Lónìí, ẹ fẹ́ pa ènìyàn nítorí pé kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Pàṣán yẹn àti idà yìí, ọwọ́ kan náà ló mú wọn. Ẹni tí ẹ bá fi idà tì sínú omi, ara rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Bí wọ́n bá pànìyàn, ẹ dá wọn lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹyọ kan nítorí ìrìbọmi, ẹ kàn mí padà mọ́ àbà, nítorí n kò ní dákẹ́."

Balógun bínú, ó ní ẹ̀jẹ̀ Ìkọ̀yàn ṣì ń ké. Ọba wá yíjú sí àwọn mẹ́fà yòókù, ó ní kí wọ́n fún òun lésì. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ọgbẹ́ kò tíì gbẹ lára wọn, kó ara wọn jọ lórí àpáta, wọ́n gbèrò pọ̀, wọ́n sì dáhùn pé ọ̀rọ̀ Ọdẹ́níran ni ọ̀rọ̀ àwọn. Ọba wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láti ọwọ́ ọdẹ náà. Ó ní kí wọ́n sọ idà kalẹ̀.

Ọkùnrin méjì tí ẹlẹ́rìí fi hàn pé wọ́n pa ọmọdé ní Ìkọ̀yàn ni wọ́n bẹ́ lórí. Àwọn yòókù gba ilẹ̀ ní òdìkejì odò, Ọdẹ́níran sì lọ tẹ ibẹ̀ dó pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Bọ́lọ́wọ́-idà títí di òní. Márùn-ún péré nínú wọn ló ṣe ìrìbọmi láyé wọn. Ọba Adégòróyè kò ṣe é títí tó fi wàjà, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́bi.

Ìjọ bẹ Ọdẹ́níran kó di olùṣọ́-àgùntàn wọn, ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti tẹ ènìyàn rì nínú omi yẹn títí ó fi kú, òun kò sì lè tún fi tẹ ẹlòmíràn. Orí àpáta ló yàn láti máa dúró sí, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe ìrìbọmi pé, "Ta ló rán ọ wá?" Ẹni tó bá dárúkọ bàbá, tàbí ọkọ, tàbí ọba, Ọdẹ́níran yóò fi sùúrù dá a padà sílé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Títí di òní, idà ọba kì í dé etí Ayínrìn lọ́jọ́ ìrìbọmi. Àgbà ilé Ọdẹ́níran a dúró lórí àpáta, a bèèrè ìbéèrè rẹ̀, gbogbo èrò etí odò a sì dákẹ́, bàbá àti ìyá náà a dákẹ́, títí ẹni tó dúró lẹ́bàá omi yóò fi dáhùn pé, "Èmi fúnra mi ni mo wá."